Ọmọ Tí Wọ́n Fi Àìsàn Rẹ̀ Pamọ́

Ọmọ kan ṣoṣo ni Hàwáù bí fún Sànní. Wọ́n wá ọmọ náà títí, àwọn ará ilé ní Ìlọrin ti ń fi ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì halẹ̀ mọ́ ọn, kí Mujeebat tó dé. Sabon Gari ní Zaria ni wọ́n bí i sí, níbi tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ náà sí. Sànní ń ta táyà àlòkù lẹ́bàá títì. Hàwáù ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan nínú ọjà, níbi tó ti ń ta òwú, bọ́tìnnì, síípù àti oríṣiríṣi nǹkan tí télọ̀ ń lò. Ọmọ náà lẹ́nu. Bí ìyá rẹ̀ bá fi Yorùbá bi í ní nǹkan, Hausa ni yóò fi dáhùn, bí Hàwáù bá sì ní kó fi Yorùbá tún un sọ, á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Ṣebí ẹ ti gbọ́ ọ."

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí àìsàn dé. Omi mímu ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Á mu omi tán, á tún bu òmíràn, á sì máa tọ̀ ṣáá bí ẹni pé omi náà kò dúró nínú rẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà ló ń rù. Aṣọ ilé-ìwé tó bá a mu ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà wá ń já bọ́ léjìká rẹ̀. Sànní ní ibà ni, ó ra oògùn ibà wálé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà kò lè dìde lórí ẹní, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ni wọ́n bá sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Dókítà tó dá wọn lóhùn níbẹ̀, Dókítà Àlíyù, jẹ́ ọkùnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó jẹ́ kí ọmọ náà ta jí tán kó tó pè wọ́n jókòó. Ó ní àtọ̀gbẹ ni.

"Àtọ̀gbẹ kẹ̀?" ni Sànní wí. "Ọmọ kékeré báyìí? Àwọn àgbàlagbà kọ́ ló ń ṣe ni?"

Dókítà fi Hausa ṣàlàyé fún wọn pé èyí tó ń ṣe Mujeebat yàtọ̀ sí ti àwọn àgbà. Kì í ṣe ohun tó jẹ ló fà á, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ ni kò pèsè ínsúlínì mọ́, nítorí náà abẹ́rẹ́ ni yóò máa gbà lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ló wá sún mọ́ wọn, ó ní kí wọ́n fetí sí ohun tó kù yìí dáadáa. Bí ọmọ bá ti gba abẹ́rẹ́, tí kò jẹun tó, tàbí tó bá sáré jù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ lójijì. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, á làágùn, ojú á máa ṣú u. Bí wọn kò bá tètè fún un ní ohun dídùn, ó lè dákú, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Kí ohun dídùn máa wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo," ni dókítà wí. "Kí ẹ sì lọ sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ẹ má fi falẹ̀."

Hàwáù kọ́ abẹ́rẹ́ gígún. Iná kì í dúró ní àdúgbò wọn, oògùn náà kò sì gbọ́dọ̀ gbóná, nítorí náà ó ń dì í sínú ike kékeré, ó sì ń gbé ike náà sínú àmù omi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mujeebat sunkún ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń mú itan tó bá wù ú wá, á ní, "Ti òsì la gún lánàá, ẹ jẹ́ kí òsì sinmi."

Ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n sọ fún àwọn olùkọ́ ni kò rọrùn. Inú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wọn bọ̀ láti ọsibítù ni Sànní ti sọ èrò ọkàn rẹ̀.

"Ìyá Mujeebat, ọ̀rọ̀ yìí, inú ilé wa ni kó mọ. Ọmọbìnrin ni. Bí gbogbo Sabon Gari bá gbọ́ pé ojoojúmọ́ ló ń gba abẹ́rẹ́, ta ni yóò wá fẹ́ ẹ lọ́la?"

"Dókítà ní ká sọ fún tíṣà rẹ̀."

"Tíṣà náà kò ha lẹ́nu bí? Ó ní àwọn tó ń bá ṣe ọ̀rẹ́."

Hàwáù wo ọmọ náà tó sùn lé e lẹ́sẹ̀, kò sì jiyàn. Ó rò ó pé wọn yóò sọ ọ́ bó bá yá, nígbà tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀ sí i. Ní àkókò yẹn, kò tiẹ̀ jọ pé wàhálà kan wà níbẹ̀. Ilé-ìwé àdáni kan ní Tudun Wada ni Mujeebat ń lọ, àwọn obìnrin tó ń ta súìtì, tí gbogbo ènìyàn ní Zaria ń pè ní alewa, tò sẹ́nu géètì láti àárọ̀. Gbogbo ọmọ ló ń jẹ alewa nínú kíláàsì. Bí ọwọ́ Mujeebat bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á fi ẹyọ kan sẹ́nu, ẹnikẹ́ni kò ní bi í ní ohunkóhun.

Ọdún kejì ni ọ̀gá ilé-ìwé náà ṣe òfin oúnjẹ.

Mísíìsì Olúbùkọ́lá Adélàjà ni wọ́n ń pè é, obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀, ó sì le. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo bí àwọn ọmọ ṣe ń fi mínírà àti bisikíìtì ṣe oúnjẹ àárọ̀, tí wọ́n á sì ti máa tòògbé lórí tábìlì kí agogo mẹ́wàá tó lù. Ó rí eyín wọn tó ti ń dúdú. Ó pe gbogbo òbí sí ìpàdé ní Sátidé kan, ó dúró níwájú wọn pẹ̀lú gíláàsì ojú rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní láti sáà tó ń bọ̀, alewa, mínírà, bisikíìtì àti núdù kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọgbà òun mọ́. Àwọn obìnrin ẹnu géètì yóò kúrò níbẹ̀. Ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni yóò máa se oúnjẹ ọ̀sán: ẹ̀wà, ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀fọ́, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, àti èso. Àárọ̀ ni wọn yóò máa yẹ àpò àwọn ọmọ wò ní géètì.

Àwọn òbí kan ń kùn. Mísíìsì Adélàjà gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi ń ṣe é. Bàbá mi fẹ́ràn ohun dídùn. Mínírà ni wọ́n fi ń bá iyán lọ. Àtọ̀gbẹ mú wọn, wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn kan, wọ́n tún gé èkejì. Èmi ni mo ń gbé wọn lọ sí ìyàrá ìtọ̀ títí wọ́n fi kú. Ẹ̀yin òbí, àtọ̀gbẹ kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Àwa la ń fi ọwọ́ ara wa bù ú fún àwọn ọmọ wa jẹ."

Obìnrin kan tó jókòó níwájú Hàwáù mi orí, ó sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Òótọ́ ni. Ìyá tó bá jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, ìyá ọ̀lẹ ni. Kò fẹ́ se oúnjẹ."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Hàwáù ti pinnu láti sọ ọ́. Kò tilẹ̀ sọ fún Sànní pé òun yóò sọ ọ́. Nígbà tí ìpàdé tú, ó tò sí ẹ̀yìn àwọn tó fẹ́ bá Mísíìsì Adélàjà sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló wà níwájú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Hàwáù rò ó pé bí òun bá la ẹnu báyìí, òun ni gbogbo wọn yóò máa tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìyá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu àìsàn fún ọmọ. Ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà ti sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ojú tì í bí ẹni pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ó yọ ara rẹ̀ kúrò lórí ìlà, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó lọ sí ilé.

Ní alẹ́ Sọ́ńdè, kí ilé-ìwé tó wọlé, ó gbé aṣọ ilé-ìwé Mujeebat lé ẹsẹ̀, ó rán àpò kékeré kan sínú rẹ̀, lábẹ́ apá, níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń yẹ ọmọ wò kò lè dé. Ó kó alewa mẹ́ta sínú rẹ̀.

"Tí ojú bá ń ṣú ẹ, tàbí tí ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n, fi ọ̀kan sẹ́nu. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹ. Má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ara ẹ kò yá. Ṣé o gbọ́?"

"Àǹtí Fẹ́yìsayọ̀ ńkọ́?"

"Àǹtí Fẹ́yìsayọ̀ náà wà nínú ẹnikẹ́ni."

Mujeebat ní òun gbọ́.

Òfin oúnjẹ náà dára, Hàwáù kò lè purọ́. Àwọn ọmọ kò tòògbé mọ́. Àwọn tí kì í gbé oúnjẹ wá láti ilé rárá, tí wọ́n máa ń wo ẹnu àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn, wá ń jẹun yó. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ yẹn tiẹ̀ bá Mujeebat lára mu ju núdù lọ, ó sì sanra díẹ̀. Bó bá dé láti ilé-ìwé, á ka ohun tí wọ́n jẹ fún ìyá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, á fi ọwọ́ júwe bí mọ́ínmọ́ín ṣe tóbi tó. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni Hàwáù máa ń rí i pé alewa kan ti dín nínú àpò abẹ́ apá, á sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Sáà kan lọ báyìí, èkejì wọlé.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú ọyẹ́ ni ó ṣẹlẹ̀. Eré ìdárayá ilé-ìwé kù sí dẹ̀dẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ lọ sórí pápá láti dánra wò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Hàwáù gún ọmọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́, ó gbé kókó àti àkàrà síwájú rẹ̀. Mujeebat kò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tí kẹ̀kẹ́ tó ń kó wọn fi fọn fèrè.

"Jẹ ẹ́ tán," ni Hàwáù wí.

"Ó ń pariwo mọ́ wa ni o. Màá jẹ oúnjẹ ọ̀sán dáadáa. Ìyá mi, àwa Ilé Yẹ́lò la máa gbégbá orókè, ẹ máa wò ó!" Ó ti wọ bàtà tán. Ó sáré jáde.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti sáré lẹ́ẹ̀kan lórí pápá, tí wọ́n padà sí kíláàsì, ọwọ́ Mujeebat bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá, ó fi alewa kan sẹ́nu. Motún, ọmọ tó jókòó tì í, gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Àǹtí! Mujeebat ń jẹ alewa!"

Olùkọ́ wọn, Fẹ́yìsayọ̀, kò tíì pé ọdún kan tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Danmagaji ló ń gbé, ó sì ń bẹ̀rù ọ̀gá ilé-ìwé gan-an. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n rí bisikíìtì nínú kíláàsì rẹ̀, tí Mísíìsì Adélàjà bá a wí lójú gbogbo olùkọ́. Ó na bébà sí abẹ́ àgbọ̀n Mujeebat.

"Tu ú síta."

Ọmọ náà tu ú síta. Fẹ́yìsayọ̀ wá gbogbo ara rẹ̀, ó rí àpò náà, ó yọ alewa méjì tó kù.

"Ta ló rán èyí fún ẹ? Màmá ẹ?"

Mujeebat fi ọwọ́ bo abẹ́ apá rẹ̀.

"Màmá ẹ ló ń kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń rú òfin?"

Omi lé sójú ọmọ náà. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹyọ kan."

"Tí a bá jáde nílé-ìwé."

"Ẹyọ kan péré, Àǹtí."

"Mo ní tí a bá jáde!" Fẹ́yìsayọ̀ jù wọ́n sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í pa.

Oúnjẹ ọ̀sán ì bá ti gbà á là. Ṣùgbọ́n olùkọ́ eré ìdárayá wá bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ yan lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó jẹun, kí ìlà wọn lè gún. Wọ́n tún kó wọn jáde. Mujeebat yan pẹ̀lú wọn. Nígbà tó yá, ó wá bá olùkọ́ rẹ̀, ó ní ó rẹ òun. Fẹ́yìsayọ̀ wò ó, ó rí i pé ó fa ojú ro, ó rò ó pé ọ̀rọ̀ alewa ló ṣì ń bí i nínú.

"Lọ jókòó sí kíláàsì," ló wí fún un.

Ọmọ náà lọ. Ó gbé orí lé tábìlì.

Nígbà tí wọ́n pín oúnjẹ, Motún gbé ti Mujeebat lọ bá a, nítorí ẹ̀rí ọkàn ti ń dà á láàmú. Ó gbé àwo náà sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. "Ó ti sùn, Àǹtí."

"Ẹ fi í sílẹ̀. Tí inú rẹ̀ bá rọ̀, á jẹun."

Ìgbà tí wọ́n lu agogo ilé, tí gbogbo ọmọ ń kó ìwé sápò, ni Fẹ́yìsayọ̀ lọ jí i. Itọ́ ti ṣàn sórí tábìlì. Apá rẹ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì, ojú rẹ̀ là ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan. Ariwo tí Fẹ́yìsayọ̀ pa ló mú Mísíìsì Adélàjà sáré jáde ní ọ́fíìsì láìwọ bàtà. Wọ́n gbé ọmọ náà sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n sì pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

Hàwáù ti dé ọsibítù kí wọ́n tó gbé ọmọ wọlé. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó di aṣọ nọ́ọ̀sì mú, ó ń kígbe pé, "Àtọ̀gbẹ ló ní! Ṣúgà rẹ̀ ló lọ sílẹ̀! Ẹ fún un ní ṣúgà!"

Mísíìsì Adélàjà dúró síbi tó wà. Ó gbé ọwọ́ lé orí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀.

Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára. Gbígbọ̀n apá náà dáwọ́ dúró. Dókítà Àlíyù wá, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ó pè é ní orúkọ. Nígbà tó jáde sọ́dọ̀ Hàwáù àti Sànní, ó ní ó ti pẹ́ jù kí ṣúgà tó dé inú ọpọlọ rẹ̀. Kò bi wọ́n bóyá wọ́n sọ fún ilé-ìwé. Ó dà bí ẹni pé ó ti mọ̀, ó sì ṣàánú wọn.

Mujeebat kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, Hàwáù rò pé ọmọ náà di òun lọ́wọ́ mú, ó pariwo pe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò tún ṣe é mọ́. Ní àárọ̀ Sátidé ó dákẹ́. Wọ́n kirun sí i lára lẹ́yìn ìrun Àílà, wọ́n sì gbé e lọ sin. Ara rẹ̀ kò gùn, Sànní nìkan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn ará Ìlọrin ti padà, Fẹ́yìsayọ̀ wá sílé wọn. Òun nìkan ló wá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Hàwáù wò ó lọ, ó rí i pé ọmọdé ni òun náà, irun orí rẹ̀ kò rí òòyà.

"Ìyá Mujeebat, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀," ló wí. "Ó bẹ̀ mí. Ó ní ẹyọ kan péré."

Hàwáù kò tíì gbọ́ apá ibẹ̀ yẹn rí.

"Ó bẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Mà, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa? Mo búra, tí mo bá mọ̀, èmi fúnra mi ni ǹ bá máa kó alewa sápò fún un."

"Kí ló dé tí o ò bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe? Ọmọ tí kì í rú òfin, tó wá ń sunkún nítorí alewa, o ò bi í?"

Fẹ́yìsayọ̀ dorí kodò. "Mi ò bi í."

"Tó o bá bi í náà, kò ní sọ," ni Hàwáù wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Èmi ni mo ní kó má sọ fún ẹ. Ó dárúkọ rẹ. Ó ní, 'Àǹtí Fẹ́yìsayọ̀ ńkọ́?' Mo ní ìwọ náà wà níbẹ̀."

Àwọn méjèèjì sunkún, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan lóde. Kò sí èyí tó lè rọ èkejì lẹ́kún. Nígbà tó ṣe, Fẹ́yìsayọ̀ dìde, ó ní òun ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun ń padà sí ọ̀dọ̀ ìyá òun. Hàwáù kò ní kó má lọ, kò sì ní kó máa lọ.

Sànní kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Á jáde lọ sídìí táyà rẹ̀ láàárọ̀, á jókòó, àwọn oníbàárà á wá, wọ́n á tún lọ. Ní ọjọ́ kan, bí wọ́n ti kirun Àsùbáà tán, ó ṣì jókòó sórí ẹní, kò yíjú sẹ́yìn, ó ní, "Èmi ni mo ní kó o má sọ ọ́. Mo ń wá ọkọ fún un."

Ó wu Hàwáù kó sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó na ọwọ́, ó gbé e lé ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, ó fi í síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mísíìsì Adélàjà tún pe àwọn òbí sí ìpàdé. Ó ránṣẹ́ sí Hàwáù, ó ní kò pọn dandan kó wá. Sànní ní, "Kí lo fẹ́ lọ sọ níbẹ̀?" Ó ní òun kò mọ̀. Ó lọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé náà ti rù. Kò mú gíláàsì ojú lọ́wọ́, kò sì dúró pẹ́. Ó ní òun ń fagi lé òfin oúnjẹ náà, kí kálukú máa fún ọmọ rẹ̀ ní ohun tó bá wù ú, nítorí òfin tó pa ọmọ, òun kò lè máa bá a lọ. Àwọn òbí kan pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan ní àwọn ti ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìnira ni.

Hàwáù dìde láti ẹ̀yìn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ ẹni tó jẹ́, nítorí ó fi hìjáàbù bo ara dé ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n, ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ náà jókòó.

"Èmi ni ìyá Mujeebat," ló wí. "Ọmọ mi ní àtọ̀gbẹ. Ọdún méjì ló fi gba abẹ́rẹ́, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Mo dúró sórí ìlà níbí láti sọ ọ́, ojú tì mí, mo lọ sílé. Kì í ṣe ẹ̀wà yín ló pa á. Ó fẹ́ràn ẹ̀wà yín." Ó wo ọ̀gá ilé-ìwé. "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa jẹun. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ, ẹ bi ìyá rẹ̀ léèrè. Kẹ́ ẹ sì bi í bíi pé kò ṣe ohun ìtìjú kankan. Bí wọ́n bá ti bi mí bẹ́ẹ̀, bóyá ǹ bá ti sọ ọ́."

Ó fẹ́ sọ sí i, ṣùgbọ́n ó ti tán nínú rẹ̀. Ó jáde. Kò dúró gbọ́ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn ni àwọn ènìyàn sọ fún un pé wọ́n kò fagi lé òfin náà, wọ́n tún un ṣe, pé Mísíìsì Adélàjà fúnra rẹ̀ ló ń pe òbí kọ̀ọ̀kan wọ ọ́fíìsì, tí ó ń ti ilẹ̀kùn, tí ó sì ń bi wọ́n nípa ara ọmọ wọn.

Bó ti jáde ní ìpàdé yẹn, ọkùnrin kan sáré bá a ní etí títì, kó tó rí kẹ̀kẹ́. Ó ní Túbọ̀sún ni orúkọ òun, ọmọ òun ọkùnrin wà ní kíláàsì kẹta.

"Wárápá ló ń ṣe é," ni ọkùnrin náà wí, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. "Ìyàwó mi kò mọ̀ pé mò ń sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi padà lọ bá ọ̀gá?"

Ẹsẹ̀ Hàwáù kò fẹ́ wọ inú ọgbà yẹn mọ́. Ó bá a padà títí dé ẹnu géètì, ó ní kó máa wọlé, òun yóò dúró níbẹ̀ dè é. Ó dúró títí ọkùnrin náà fi jáde, tí ó ń nu ojú.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo páálí òwú. Ó ń nù wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí télọ̀ kan láti Gyellesu dé, bàbá àgbàlagbà Hausa kan tí ó máa ń wá ra síípù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kí i bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn: báwo ni òwò, báwo ni òtútù, báwo ni ilé.

"Yaya yara?" ló wí gbẹ̀yìn. Báwo ni àwọn ọmọ?

Ẹnu Hàwáù ti fẹ́ dáhùn pé "Lafiya," àlàáfíà ni, bí ó ṣe máa ń dáhùn láti ọdún gbọọrọ. Ó gbé aṣọ tó fi ń nu páálí sílẹ̀. Ó sọ fún un ní Hausa pé ọ̀kan ṣoṣo ni òun ní, pé ó ti kú, pé àtọ̀gbẹ ló ní.

Bàbá náà ṣí fìlà rẹ̀. "Allah ya jikanta," ló wí, kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Kò béèrè síípù mọ́. Ó fa àpótí tó wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó sì jókòó sórí rẹ̀. Àwọn èrò ọjà ń kọjá lọ níwájú wọn, Hàwáù tún mú aṣọ náà, ó ń nu páálí òwú, ó ń sunkún, bàbá náà kò sì dìde.